Ẹnu Àdìsá, Ọwọ́ Tíṣà

Lọ́dún 1992, alùpùpù Tíṣà Ládépọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Kì í ṣe bẹntiróòlù ló ń jò, kì í sì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì inú ṣọ́kù iwájú ni, ìyẹn àwọn ọ̀pá méjì tó di táyà iwájú mú, tó máa ń wọlé tó máa ń jáde bí a bá bọ́ sí kòtò. Rọ́bà kékeré kan tó rí bí òrùka, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní síìlì, ló ń sé ọ́ìlì mọ́nú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ti Tíṣà ti gbó. Ibi tó bá ti dúró ní Àjàǹgbàdì, àmì á kù nílẹ̀, àwọn aládùúgbò á wò ó, wọ́n á ní, "Tíṣà ti kọjá níbí. Kò tíì pẹ́, ó ṣì tutù."

Tíṣà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ojú rẹ̀ sì ti rí yẹ̀yẹ́ tó ju èyí lọ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. Ṣùgbọ́n Ọmọ́wùmí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni Ọmọ́wùmí ní ilé ìwòsàn kan ní Òkòkòmáíkò, ohunkóhun tó bá sì ti ń jò, ọ̀ràn pàjáwìrì ló kà á sí.

Kò tilẹ̀ jẹ̀bi. Ọ́ìlì ọ̀hún ti ṣàn wọnú bíréèkì iwájú. Tíṣà tẹ bíréèkì ní Ìyànà Ìbà, bíréèkì ò gbọ́, ó di inú àtẹ ìyá oníbọ̀ọ̀lì gbàgà. Ẹnikẹ́ni ò fara pa àfi ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ọmọ́wùmí ti gbọ́.

"Bàbá, ó tó gẹ́ẹ́. Mo fún yín di Sátidé. Bí mo bá dé tí mo rí ẹ̀kán ọ́ìlì kan ṣoṣo lára ọ̀pá yẹn, ọkọ mi á fi píkọ́ọ̀pù gbé e lọ tà."

"Kí ni kí n wá máa gùn lọ sí Ọ̀tọ̀-Àwórì?"

"Bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀, Bàbá. Wọ́n tilẹ̀ ní àga."

Ọ̀tọ̀-Àwórì ni wọ́n sin Victoria ìyàwó Tíṣà sí, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ọdún kẹta rèé. Gbogbo Sátidé ló ń lọ tu koríko ibẹ̀. Bọ́ọ̀sì lè gbé e débẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí kò lè sọ fún ọmọ rẹ̀ ni pé kì í ṣe ìdí ibojì ni òun ti ń bá Victoria sọ̀rọ̀; orí alùpùpù ni. Ọdún mẹ́rìnlá ni obìnrin náà fi jókòó sẹ́yìn rẹ̀, tí Tíṣà yóò yí orí díẹ̀, tí yóò sọ̀rọ̀ gba èjìká, tí afẹ́fẹ́ yóò gbé e dé etí ìyàwó. Ìyàwó ti lọ, ọrùn kò tíì gbàgbé. Nínú bọ́ọ̀sì ńkọ́? Ta ni yóò bá sọ̀rọ̀ gba èjìká tí ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní ní kí wọ́n dúró kí òun bọ́ọ́lẹ̀?

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ra síìlì méjì àti ọ́ìlì tuntun, ó ti alùpùpù náà lọ sọ́dọ̀ Àdìsá mẹkáníìkì. Tíṣà ló kọ́ Àdìsá ní kíláàsì kẹrin nílé ìwé ìjọ ní Ìbà. Bí Àdìsá ti rí i lókèèrè, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Sà, ẹ dákun, ẹ má gbé e súnmọ́ mi."

"Ṣé ó ń gbéni mì ni?"

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì wá síbí lánàá. Wọ́n ní kí n fi orí àwọn ìbejì mi búra pé mi ò ní fọwọ́ kan máṣìnnì yín. Àwọn ló gbẹ̀bí wọn, sà. Òru ọjọ́ yẹn, bí kì í bá ṣe àwọn ni, ọ̀tọ̀ ni ohun tí à bá máa wí. Kí ni kí n sọ?"

"O sì búra?"

"Mo búra."

"Lórí ìbejì."

"Lórí ìbejì, sà. Ta ló ń fi orí ìbejì ṣeré?"

Kò sí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, Tíṣà náà mọ̀. Ó ti ń yí alùpùpù padà kí ó tó dúró, tó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ mọ ẹni tó jí ṣọ́ọ̀kì.

"Àdìsá, sọ ìbúra náà bí o ṣe sọ ọ́ gan-an."

"Mo ní mi ò ní fọwọ́ kàn án."

"O ní o ò ní wò ó?"

"Rárá, sà."

"O ní o ò ní sọ̀rọ̀ níbi tó bá wà?"

Àdìsá ronú, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún gbìyànjú láti mójú le. "Rárá, sà. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ò mẹ́nu ba ẹnu."

"Ó dáa. Wá sílé mi lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Gbé ẹnu rẹ wá."

Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ní ọjọ́ Jímọ̀ náà, Àdìsá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ nínú àgbàlá Tíṣà, ó fi ìdí jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Àmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ bá a wá, ó gbé ìbejì kan pọ̀n, ó gbé èkejì dání. Ó ní òun wá ṣọ́ ìbúra. Tíṣà dúró níwájú wọn pẹ̀lú sípánà, ó wọ ṣòkòtò penpe.

"Kíláàsì, ẹ dìde," ni Àdìsá wí.

"Àdìsá."

"Mo fi ń ṣeré ni, sà. Ẹ gbé àpótí igi sábẹ́ ẹ́ńjìnnì kí táyà iwájú kúrò nílẹ̀. Ẹ yọ táyà. Ẹ yọ mọ́gáàdì. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì orí ọ̀pá kí ẹ tó fa ọ̀pá jáde, torí bó bá ti jáde, kò sí ohun tí yóò bá yín dì í mú mọ́."

Tíṣà fa ọ̀pá jáde láìdẹ nọ́ọ̀tì.

"Sà, kí ni mo sọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ gbọ́ mi, ẹ ò fetí sílẹ̀. Gbígbọ́ àti fífetísílẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni." Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un ní kíláàsì kẹrin, tẹgba tẹgba. "Ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti yọ ọ́, kí ẹ tún un ṣe."

Àmọ̀kẹ́ fi aṣọ bo ẹnu rín ẹ̀rín. Tíṣà dá a padà, ó tún un ṣe. Ó da ọ́ìlì àtijọ́ sínú agolo. Ó dúdú, ó sì ń rùn bí ẹja tó ti sùn ọjọ́ mẹ́ta lọ́jà. Ó yọ wáyà roboto tó di síìlì mú, ó fi sikirudíráfà hú síìlì àtijọ́ jáde, ó fi bẹntiróòlù fọ gbogbo rẹ̀, ó sì fi sáńdípépà tó kúnná pa ibi tí ìpẹtà ti jẹ ara ọ̀pá títí ó fi ń dán. Ó gba àkókò. Òógùn bọ́ sínú gíláàsì rẹ̀. Ó wá fọwọ́ pa ọ́ìlì sí ẹnu síìlì tuntun, ó gbé e sórí ihò, ó ti ń gbé òòlù nígbà tí Àdìsá pariwo.

"Ẹ dúró! Ó dorí kodò!"

"Báwo ló ṣe dorí kodò? Mo dojú ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí kọ inú."

"Kí ló dé tí ẹ fi dojú rẹ̀ kọ inú?"

"Kí ìdọ̀tí má baà pa ìwé ara rẹ̀ rẹ́."

Àdìsá wo Àmọ̀kẹ́, Àmọ̀kẹ́ wo Àdìsá.

"Sà, nínú ọ́ìlì níbẹ̀ yẹn, ta ló fẹ́ kà á?" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lórí bẹ́ǹṣì. "Ojú tó ní sípíríǹgì ló ń wọlé. Ìwé ń bẹ lóde. Ẹ jẹ́ kí n..." Ó ti na ọwọ́.

"Ìbejì o!" ni Àmọ̀kẹ́ ké.

Ọwọ́ Àdìsá padà sábẹ́ ìdí rẹ̀ bí ìgbà tí iná jó o.

Tíṣà yí síìlì padà. Ó gbé síìlì àtijọ́ lé tuntun lórí kó má baà fi òòlù bà á jẹ́, ó ń lù ú díẹ̀díẹ̀ yí ká títí ó fi jókòó. Nígbà tó ṣe ẹsẹ̀ kejì, kò sí ẹni tó sọ ohunkóhun fún un, inú rẹ̀ sì dùn sí èyí ju bó ti yẹ lọ.

Ó wá ku ọ́ìlì. Ti ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, bí kò bá dọ́gba, alùpùpù á máa tiro. Tíṣà fẹ́ fojú díwọ̀n rẹ̀. Àmọ̀kẹ́ ní olùkọ́ wo ló ń fojú díwọ̀n. Ó tú ẹrù àwọn ọmọ, ó mú fídà àtijọ́ kan jáde, èyí tí nọ́ńbà ṣì hàn lára rẹ̀ ketekete. Tíṣà bu ọ́ìlì sínú fídà ọmọ, ó gbé e sókè sí oòrùn láti wo nọ́ńbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sẹ́nu ọ̀pá.

"Ẹ rọra fún un mu o, Bàbá," ni Àmọ̀kẹ́ wí. "Kó má baà fà á sí imú."

"Bí ẹ bá ṣetán, kí ẹ gbé e sí èjìká kó gùnfẹ̀," ni Àdìsá fi kún un.

Tíṣà fún un mu, ẹsẹ̀ kan àti èkejì. Ó fọ bíréèkì, ó sì to gbogbo rẹ̀ padà. Nígbà tó tẹ ọwọ́ alùpùpù mọ́lẹ̀ nígbà mẹ́wàá kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, ó ń lọ ó ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, láìfọhùn.

Àárọ̀ Sátidé, Ọmọ́wùmí ti ẹnu iṣẹ́ òru wá tààrà nínú aṣọ funfun nọ́ọ̀sì. Ó ní ọkọ òun ń bọ̀ láago mẹ́wàá. Àdìsá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ní òun ń kọjá lọ ni. Ọmọ́wùmí fi áńkáṣíìfù funfun nu ọ̀pá òsì. Ó mọ́. Ó nu ọ̀tún. Ìlà ọ́ìlì tín-ínrín kan wà lára áńkáṣíìfù.

"Bàbá."

"Àǹtí, kì í ṣe pé ó ń jò," ni Àdìsá sáré wí. "Ọ́ìlì tí a fi pa ẹnu síìlì kó lè wọlé ni."

"'A'? Àwọn wo ni 'a'?"

"Tíṣà ni, Àǹtí! Ọwọ́ mi ò dé ibẹ̀. Ẹ bi Àmọ̀kẹ́."

"Ta ló wá kọ́ wọn?"

Àdìsá wo ilẹ̀. "Ẹnu mi ni, Àǹtí."

Igun ẹnu Ọmọ́wùmí yẹ̀ díẹ̀, ó sì dá a padà. "Ẹ̀kán kan ṣoṣo ni mo sọ, Bàbá. Kì í ṣe pé mo kórìíra yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù fún mi."

Ìgbà yìí ni Tíṣà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, tó ń fi etí ẹ̀wù nù ún, láìwo ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá rẹ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ní ojú ọ̀nà. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é nínú bọ́ọ̀sì."

Àdìsá rántí pé òun ń kọjá lọ ni; ó kọjá lọ dé ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí òpópónà.

Ọmọ́wùmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó yí áńkáṣíìfù sí ojú kejì, ó nu ọ̀pá ọ̀tún náà títí ó fi mọ́ tónítóní.

"Ẹ gùn ún dé Ìyànà Ìbà," ó ní, "kí ẹ padà wá. Mo fẹ́ tún un wò."

Tíṣà lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ gba èjìká lọ́jọ́ náà. Àdúrà ló ń gbà. Gbogbo kòtò tó wà lọ́nà ló bọ́ sí, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìyá oníbọ̀ọ̀lì rí i lókèèrè, ó gbé àtẹ rẹ̀ wọlé. Tíṣà tẹ bíréèkì níwájú ìsọ̀ rẹ̀, alùpùpù dúró gbọin, ó kí obìnrin náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì yí padà.

Ọmọ́wùmí mú áńkáṣíìfù mímọ́ mìíràn, ó fi nu ọ̀pá òsì. Ó nu ọ̀tún. Ó gbé áńkáṣíìfù sí oòrùn, ó wò ó níwá, ó wò ó lẹ́yìn, bí ẹni tó ń wá ẹ̀bi fún un. Ó funfun.

"Kí lẹ máa ń sọ fún wọn?" ó béèrè.

"Ta?"

"Màmá. Lójú ọ̀nà."

"Ẹjọ́ rẹ ni mo máa ń rò fún un," ni Tíṣà wí. "Pé o ti le jù. Pé o fẹ́ ta ọkọ̀ mi. Pé o mú mẹkáníìkì mi búra bí ìgbà tó wà ní kóòtù."

"Kí ni wọ́n wá ń sọ?"

"Ó ní kí n fi ọ́ sílẹ̀. Ó ní èmi lo jọ."

Ọmọ́wùmí rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó ṣàn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, kò tíì tẹ Ọ̀tọ̀-Àwórì rí. Ó pe Àdìsá lẹ́nu ọ̀nà pé bí ọkọ òun bá dé, kó sọ fún un kó padà sílé. Ó ká aṣọ funfun rẹ̀ jọ lórúnkún, ó gun alùpùpù lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó sì di ìgbànú rẹ̀ mú.

"Ẹ máa lọ, Bàbá. Ẹjọ́ ẹnu ẹnìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ látọjọ́ yìí. Mò ń lọ ro tèmi."