Oṣù Tí Hamaundu Yàn

Hamaundu ní lọ́jọ́ tí òun fi ẹsẹ̀ rìn kọjá ní góńgó orí Mosi-oa-Tunya, Èéfín Tó Ń Sán Bí Ààrá, níbi tí odò Sambesi ti ń já bọ́ sínú ọ̀gbun, ìkòkò tíì ló wà lórí òun, iná sì ń jó lábẹ́ ìkòkò náà. Tíì ń hó, omi tó fẹ̀ tó ìlú mẹ́ta ń gba àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ òun kọjá, ẹ̀kán kan kò sì kán sílẹ̀. Ó ní nígbà tí òun dé àárín, ọ̀nì kan yọ orí síta, ó kí òun kú iṣẹ́, òun bu tíì fún un. Ọ̀nì mu ún tán, ó fi ìrù nu ẹnu, ó ní ṣúgà kò tó.

Ẹni tó bá gba èyí gbọ́, kó lọ wá ibi tí adìyẹ ti ń tọ̀.

Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tó ti ń sọ ọ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, etí omi ló dúró sí. Lọ́dún kejì, ó ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún karùn-ún, ọ̀nì ti dé. Lọ́dún kẹwàá, ọ̀nì ti ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tíì gbígbé ni Hamaundu ń ṣe ní àgọ́ kan létí odò Luangwa, lẹ́bàá Mfuwe, ní Zambia. Bí àwọn àlejò bá ń fi ẹsẹ̀ rìn nínú igbó láti wo ẹranko, wọ́n á tò lọ́kọ̀ọ̀kan bí èèrà: oníbọn níwájú, àlejò láàárín, Hamaundu lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú àpò tíì. Bí oòrùn bá ti mú díẹ̀, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi, Hamaundu á dá iná. Omi á máa hó, irọ́ náà á máa hó.

Ọmọ ẹ̀yà Tonga ni, láti Gwembe. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, àwọn ará àfonífojì Luangwa yìí fi í rẹ́rìn-ín pé kí ni ọmọ Tonga mọ̀ ju màlúù lọ. Ìyẹn ló mú un dáhùn pé ṣebí ilẹ̀ àwọn ni Mosi-oa-Tunya wà. Kò sí ẹni tó bi í bí Gwembe ṣe jìnnà sí ibẹ̀ tó. Gbogbo àgọ́ gbà pé abẹ́ omi yẹn ni wọ́n ti ń wẹ gbogbo ọmọ Tonga lọ́jọ́ ìkómọ.

Gbogbo èèyàn ló máa ń rẹ́rìn-ín sí ìtàn náà, àfi Bàbá Njovu. Òun á fi ọwọ́ lé orúnkún, á ní, "Èéfín náà ńkọ́, Hamaundu?"

"Bàbá, èéfín náà ga débi pé àwọn áńgẹ́lì ń wúkọ́."

"Ariwo rẹ̀ ńkọ́?"

"Bí ẹ bá fẹ́ bá ìyàwó yín sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ ní láti kọ lẹ́tà sí i."

Bàbá Njovu á mi orí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu oúnjẹ fún.

Bàbá yìí ló gbé ìbọn ṣáájú àwọn àlejò fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Òfin kan ṣoṣo ló ní: "Ẹ má sáré. Ohunkóhun tó bá sáré nínú igbó yìí, oúnjẹ ni." Ó fi ojú rí ẹgbẹ̀rún kìnnìún, kò rí ìlú kankan tó kọjá Chipata. Lọ́dún tó kọjá ló gbé ìbọn sílẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ tó bọ́ fìlà kí òkìtì ọ̀gán, tó rò pé ọ̀gá àgọ́ ni. Dókítà ní ojú ọ̀tún ti lọ. Ó ní bóyá ni tòsì máa rí Kérésìmesì, kò sì sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a padà.

Ní àkókò yẹn ni lẹ́tà Tísà Nasilele dé. Obìnrin ẹ̀yà Lozi ni, ará Mongu, tó fi ọdún mẹ́rìnlá kọ́ ọmọ ní Livingstone, ìlú tó wà lẹ́bàá Mosi-oa-Tunya, kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló wá rìn nínú igbó wa, erin kan bínú, ó sáré tọ̀ wọ́n bọ̀. Tísà ti gbé ẹsẹ̀ kan láti sá, Bàbá Njovu di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí. Erin dúró ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́jọ, ó da eruku sí wọn lára, eruku tó tó mọ ilé oníyàrá méjì, ó yí padà. Tísà kọ̀wé pé gbogbo oúnjẹ alẹ́ tí òun jẹ láti ọjọ́ náà, ọwọ́ yẹn ló bù ú fún òun. Ó ní kí Bàbá sọ ohun tó fẹ́.

Bàbá ní kí wọ́n kọ ìlà kan péré: kí òun rí Mosi-oa-Tunya kí ojú tó ṣú.

Tísà dáhùn pé nǹkan méjì ni àwọn máa ṣe. Bàbá máa kọ́kọ́ bá òun rin igbó fún ọjọ́ mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí àlejò, kí ẹlòmíràn gbé ẹrù rẹ̀, kí wọ́n da tíì fún Bàbá náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ó di ẹ̀bá omi. Ó ní òun ń bọ̀ ní oṣù kẹfà tí àgọ́ bá ṣí, kí àwọn jókòó ṣètò rẹ̀. Kí àwọn ará àgọ́ ti bá Bàbá yan oṣù tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Gbogbo àgọ́ yí ojú sí Hamaundu, ẹni tó mọ ibẹ̀. Ẹnu Hamaundu kò sì mọ bí wọ́n ti ń sọ pé òun kò mọ̀. Oṣù kẹwàá ló ti fi sínú ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀, oṣù kẹwàá náà ló dá wọn lóhùn. Láti ọjọ́ náà, oorun rẹ̀ kò ju ti ẹja lọ.

Tísà sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní oṣù kẹfà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ Bàbá Njovu mú, ó kúnlẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí àwọn Lozi ti ń kí ọba. Nígbà tó dìde, ó ní, "Wọ́n ní Tonga kan wà níbí. Mo ti ń gbọ́ òórùn wàrà kíkan láti ọ̀nà."

"Èmi rèé," ni Hamaundu wí. "Èmi náà ń gbọ́ òórùn ẹja, mo rò pé odò ló ti gbẹ."

"Wá gbé báàgì mi, amuwàrà."

"Mo ti gbé e. Ẹja ló kún inú rẹ̀, àbí aṣọ ni?"

Àwọn tó mọ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà àwọn bàbá ńlá ni Lozi àti Tonga ti ń fi eré bú ara wọn báyìí, apẹja sí darandaran, kódà nídìí òkú. Ẹni tó bá bínú ti jẹ̀bi. Bí ọ̀kan bá sì ká èkejì mọ́ ìwà ẹ̀sín, ohunkóhun tó bá bèèrè ni wọ́n máa fún un, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀.

Wọ́n jókòó sábẹ́ igi pandoro. Faides, tó ń dáná àgọ́, gbé ẹ̀pà àti ọ̀dùnkún síwájú wọn. Hamaundu fi ṣíbí ya ọ̀nà sórí iyẹ̀pẹ̀: àgọ́ kìíní, àgọ́ kejì, ibi tí erinmi pọ̀ sí, ọjọ́ mẹ́rin lórí ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà Chipata, Lusaka, Livingstone, ọjọ́ méjì nínú bọ́ọ̀sì. Ó yà á dáadáa, kò sí irọ́ níbẹ̀. Bàbá Njovu tẹ orí síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan Lusaka.

"Oṣù wo wá ni?" Tísà bèèrè.

"Oṣù kẹwàá," ni Bàbá dáhùn, inú rẹ̀ dùn. "Hamaundu ti yàn án. Òun ló mọ ibẹ̀."

Tísà dá ẹ̀pà tó fẹ́ jù sẹ́nu padà sínú àwo.

"Ìwọ Tonga, oṣù kẹwàá ni ìwọ náà lọ?"

"Oṣù kẹwàá gan-an, mà."

"Ẹ̀gbẹ́ tiwa níbí, ní Zambia, lo dúró sí, kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè tó wà lódìkejì?"

"Níbo ni ǹ bá tún dúró sí?"

"Aṣọ wo lo wọ̀?"

Hamaundu rí i pé ilẹ̀ ń yọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. "Aṣọ òjò méjì, ọ̀kan lórí èkejì. Omi ta sí mi débi pé nígbà tí mo délé, ẹja mẹ́ta ni mo kó nínú àpò. Ẹ̀yin ì bá ti jẹ wọ́n ní tútù."

Tísà kò rẹ́rìn-ín. "Ọdọọdún ni mo máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ síbẹ̀, ọdún mẹ́rìnlá. Lọ́dún kan a ṣèèṣì lọ ní oṣù kẹwàá. Àpáta ni a bá. Àpáta gbígbẹ láti òkè délẹ̀, alángbá ń yá oòrùn lórí rẹ̀. Orí ibi tó yẹ kí omi gbà kọjá ni mo jókòó sí, tí mo jẹ ọ̀dùnkún mi."

"Ṣùgbọ́n òjò máa ń ṣú nígbà yẹn..." ni Hamaundu wí.

"Òjò Luangwa yín níbí lò ń sọ. Omi tiwa ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Ọmọ ọwọ́ ní Mongu mọ̀ pé omi tó ń lé ọba wa kúrò láàfin lẹ́yìn òjò, òun ló ń lọ pariwo ní Livingstone ní oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún. Bí o bá lọ nígbà yẹn, èéfín dí ọ lójú, igbó tibí náà kò sì tíì ṣeé rìn. Ní oṣù kẹwàá, igbó dára, omi ti tán. Ìsinsìnyí tí a wà yìí ni méjèèjì pàdé."

Faides fọwọ́ bo ẹnu. "Èmi ti ń rò ó tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń rákò kọjá lórí afárá igi ẹ̀yìn ilé ìdáná mi, òun ló fẹsẹ̀ rìn lórí Mosi-oa-Tunya?"

Hamaundu wo Bàbá Njovu. Ó rí i bí ọkùnrin náà ṣe jókòó, ojú kan ṣoṣo tó kù fún un, tí òun ì bá mú rin ìrìn ọjọ́ mẹ́fà lọ wo alángbá.

"Hamaundu," ni Bàbá wí, "ǹjẹ́ o tiẹ̀ ti rí i rí?"

Irọ́ méje ló sáré dé ẹnu Hamaundu, gbogbo wọn dáa. Ó gbé wọn mì.

"Lórí kàlẹ́ńdà ni, Bàbá. Ó wà lára ògiri ibi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo ní Gwembe. Oṣù kẹwàá ni wọ́n fi àwòrán rẹ̀ sí."

Ó tẹrí ba. Èpè ló ń retí. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fún èpè tó gùn dáadáa.

Bàbá Njovu na ọwọ́, ó ń wá a nínú afẹ́fẹ́ títí ó fi kan èjìká rẹ̀. "Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi ń wo omi yẹn láti ẹnu rẹ. Nígbà tí Tísà bi mí pé kí ni mo fẹ́, bí kì í bá ṣe tìrẹ, bàtà ni ǹ bá bèèrè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Hamaundu ń wo ilẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa lọ," ni Bàbá tún wí, "o sì ń bá wa lọ. Ìwọ lo máa di ọwọ́ mi mú níbẹ̀. Ohun tí ojú mi bá pàdánù, kí o sọ ọ́ fún mi. Ohun tó wà níbẹ̀ nìkan o."

"Nìkan, Bàbá? Iṣẹ́ ńlá lẹ gbé fún mi yẹn."

"Kò tíì tán," ni Tísà wí. Ó ti dìde, ó ti gbé ìkòkò tíì kúrò lórí iná, ó gbé e lé Hamaundu lọ́wọ́. "Mo ti ká Tonga mọ́ irọ́, mo sì ti mọ ohun tí mo fẹ́ gbà. Afárá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó kọjú sí omi, ọ̀gbun wà lápá ọ̀tún, ọ̀gbun wà lápá òsì. Ìwọ nìkan lo máa kọjá, pẹ̀lú èyí lórí. Èmi máa dúró lódìkejì, màá ka ẹ̀kán tó bá kán. Wá, jẹ́ ká kọ́kọ́ dán an wò lórí afárá Faides."

Hamaundu wo ìkòkò. Ó wo afárá igi náà, tí kò ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ. Ó ṣí ẹnu láti sọ fún Bàbá pé òun náà dúpẹ́, ṣùgbọ́n omi gbígbóná ń bọ̀ lójú rẹ̀, gbogbo èèyàn sì ń wò ó. Bó ṣe gbé ìkòkò mọ́ àyà nìyẹn, tó ki eré mọ́lẹ̀ gba àárín àwọn àgọ́, tíì ń dà sí i níwájú, ìdérí ń ró gbọ̀ngàn gbọ̀ngàn, àwọn ẹtù sá fún un lápá kan, àwọn ìmàdò sá fún un lápá kejì.

"Má sáré," ni Bàbá Njovu pè é láti abẹ́ pandoro, ẹ̀rín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a dùbúlẹ̀. "Hamaundu, oúnjẹ ni ẹni tó bá sáré."

Ó gbọ́. Kò dúró.