Ẹni Tó Kọ́ Bùsọ́lá ní Eré Orí Ìtàgé

Gbogbo ẹni tó ń wo fíìmù ló mọ Adébùsọ́lá. Òun ni ìyá ọkọ tó máa ń fojú aya ọmọ rẹ̀ gbolẹ̀. Bó bá gba àárín ọjà Ọ̀wọ̀ kọjá, àwọn obìnrin á máa fi ẹ̀rín ṣépè fún un. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé fíìmù ló fi ń jẹun, eré orí ìtàgé ló fi ń mí. Ó ti di ọdún méjìlélógún tí òun àti Bọ̀ọ̀dá Sylvanus ti jọ ń gbé eré kiri gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ àti ti ìjọ, láti Ọ̀wọ̀ dé Ifọ̀n, títí dé Imoru. Ibi yòówù kí wọ́n ti máa ya fíìmù, Bùsọ́lá á ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù kì í ṣe tiwọn.

Bọ̀ọ̀dá Sylvanus ló kọ́ ọ níṣẹ́. Tíṣà ni nígbà náà, ọmọ ìjọ Àgùdà, ọkùnrin gíga tí ohùn rẹ̀ ń dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn láìlo máìkì. Òun ló kọ́ Bùsọ́lá bí èèyàn ṣe ń dúró tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá fi máa rí omijé lójú rẹ̀.

Lọ́dún yìí, eré tí wọ́n ń ṣe dá lórí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń jà sí oko kòkó baba wọn. Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Òun ni ẹ̀gbọ́n, Bùsọ́lá ni àbúrò. Ọ̀rọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni, síbẹ̀ láti ìgbà rìhásà ló ti ń sọnù mọ́ ọn lẹ́nu. Bó bá ti dákẹ́, Bùsọ́lá á yára fi ìbéèrè kan rán an létí, eré á sì máa lọ. Bùsọ́lá kà á sí ọjọ́ orí, ó kà á sí àárẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ gan-an ni kò fẹ́ pè é.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, gbọ̀ngàn kún ní Ifọ̀n. Wọ́n dé ibi tí ẹ̀gbọ́n ti máa nawọ́ sí ààlà oko. Bọ̀ọ̀dá nawọ́, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Bùsọ́lá sọ, "àbí ẹ fẹ́ sọ pé láti ìdí ìrókò dé etí odò, tiyín ni gbogbo rẹ̀?"

Bọ̀ọ̀dá yíjú sí i. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó bọ́ sínú èdè Ọ̀wọ̀ tó máa ń sọ nílé, ó sì pè é ní Abigail. Abigail ni ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ti sin lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ó ní ta ni gbogbo èèyàn tó kún inú ilé yìí, ṣé Abigail sì ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn?

Àwọn èèyàn rò pé ara eré ni, àwọn kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ fíìmù ni, wọ́n á dá kámẹ́rà dúró, wọ́n á bu omi fún bàbá mu, wọ́n á tún un yà. Níbí, kò síbi tí èèyàn máa sá sí. Bùsọ́lá sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mo ti tì í," ló fi èdè Ọ̀wọ̀ dá a lóhùn. "Àlejò ni wọ́n. Wọn ò ní pẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ ká wọlé."

"O ò sọ fún mi pé àlejò ń bọ̀."

"Ẹ má bínú."

Ó rọra fà á wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì. Àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́ gan-an.

Bọ̀ọ̀dá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó nu ojú. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè. "Bùsọ́lá, ṣé ó dáa?"

"Ó dáa, Bọ̀ọ̀dá."

Tijésùnimí, ọmọbìnrin Bọ̀ọ̀dá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wà láàárín òǹwòran lọ́jọ́ náà. Ó dúró de Bùsọ́lá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò.

"Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀. Ó tó oṣù márùn-ún."

"Láti ọdún tó kọjá ni dókítà ti sọ ọ́ fún wa. Ìgbàgbé tí kì í san ni. Mo bẹ bàbá kí wọ́n jókòó sílé. Wọ́n ní bó bá jẹ́ òótọ́ ni, Bùsọ́lá á ti sọ fún àwọn." "Ẹ̀yin lẹ̀ ń bò ó, Àǹtí."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Bùsọ́lá fi gbé ọ̀rọ̀ náà kiri. Bó bá sọ ọ́, ohun kan ṣoṣo tó kù fún ọkùnrin náà ló máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní rí i bò mọ́, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ á sì di ẹni yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ayé. Ohun tó tún ń gún un lọ́kàn ni pé kì í ṣe torí Bọ̀ọ̀dá nìkan ló ṣe dákẹ́. Òun náà kò fẹ́ kí eré tí àwọn jọ ń ṣe parí.

Ní Ọjọ́rú, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ níbi tí Bọ̀ọ̀dá ń gbé. Ó bá a ní ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń sá kòkó. Ó kúnlẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, mo fẹ́ kí ẹ fi ìtàgé sílẹ̀."

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Ní Ifọ̀n, ẹ pè mí ní Abigail."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí kòkó. "Irọ́ ni."

"Èmi ni mo dá yín lóhùn. Mo ní mo ti ti ilẹ̀kùn."

Ó wò ó títí. "Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé ó dáa."

"Mo purọ́ ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Lẹ́yìn ọdún méjìlélógún," ni ọkùnrin náà wí, "èmi náà ti wá di ẹni tí ò ń ṣeré fún. Máa lọ."

Oṣù méjì kọjá, kò gbé fóònù Bùsọ́lá. Dominic, òṣèré kan nínú ẹgbẹ́ wọn, ló bọ́ sí ipò ẹ̀gbọ́n nígbà tí wọ́n lọ sí Imoru. Kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Eré lọ geere, síbẹ̀ ní gbogbo ibi tí Bọ̀ọ̀dá ti máa ń dákẹ́, Bùsọ́lá á ti la ẹnu láti béèrè ìbéèrè tí kò wúlò mọ́.

Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó padà sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Bọ̀ọ̀dá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Bùsọ́lá kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ dìde, ìyá," ni Bọ̀ọ̀dá wí tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Mo mọ ojú yín. Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣe ìyá ọkọ nínú fíìmù."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò fi ẹ̀yin pè é rí. Bùsọ́lá ń wo ojú rẹ̀ fínnífínní. Ọkùnrin tó lè sunkún nígbàkigbà tó bá wù ú lórí ìtàgé ni. Ṣé ìbínú ni, àbí àìsàn?

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé ẹ ti ṣe ti orí ìtàgé rí?"

"Mo ń ṣe é, sà. Ẹ̀gbọ́n mi kan níbí ló kọ́ mi."

"Ẹ bá mi kí i."

Tijésùnimí sìn ín dé ojú títì. Ó ní láàárọ̀ yìí gan-an, bàbá béèrè bóyá Bùsọ́lá ti mọ ọ̀rọ̀ eré rẹ̀ sórí. Bùsọ́lá béèrè bóyá òun lè máa wá kí i lọ́jọ́ Túsìdé.

"Ẹ máa wá. Ẹ má kàn retí nǹkan kan."

Rìhásà wà ní Ọ̀wọ̀ láago mẹ́rin. Bùsọ́lá dá ọ̀kadà dúró, ó gùn ún, ó sì di irin ẹ̀yìn ọ̀kadà náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.