Omi Tí Mùínàt Mu Lọ́dọ̀ Mi

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa kí n tó mọ ìwé kà, n kò sì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Abà Dàda la wà, lẹ́yìn Ìdèrè, ilé mẹ́sàn-án péré àti adágún kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń pọn. Ọdún 1986 ni. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, Mùínàt, ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, orí mi sì ti ń ṣófo. Mo lè bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo lè dúró láàárín oko kí n máa bi ara mi pé kí ni mo wá ṣe níbẹ̀. Mo wá rí i pé bí n kò bá ki nǹkan mìíràn sínú orí yìí, ìbànújẹ́ yóò jẹ ẹ́ tán.

Páálí ọṣẹ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ń bi àwọn ọmọdé tó ń lọ iléèwé léèrè ohun tí wọ́n kọ sí i. Mo bọ́ sórí àpò sìmẹ́ńtì, mo bọ́ sórí kàlẹ́ńdà ara ògiri Búrẹ́mọ̀, aládùúgbò wa. Ọkọ mi, Sàlámì, bá mi níbi tí mo ti ń fi èédú kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná.

"Ìyá Mùínàt, ṣé gómìnà ló ránṣẹ́ pè ọ́ ni?"

"Bó bá pè mí, ta ni yóò ka lẹ́tà ọ̀hún fún yín?"

"Ojú rẹ yóò fọ́ o."

"Ojú tèmi ni. Tiyín tí kò fọ́, kí lẹ ti fi kà?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Mùínàt ṣe kú, torí láìsí ìyẹn, ìyókù ò ní yé yín. Ìgbó-Ọrà ló lọ́kọ sí, nílé Àkíbù télọ̀. Omi ẹ̀rọ ni wọ́n ń mu níbẹ̀. Nínú ọyẹ́ ọdún 1982, sòbìà já lẹ́sẹ̀ mi. Ẹni tí kò bá rí i rí, kó dúpẹ́. Aràn funfun gígùn bí okùn ni, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń yọ láti inú ẹran ara, ojú egbò náà a sì máa jóni bí iná. Mùínàt gbọ́, ó di aṣọ mẹ́ta, ó wá tọ́jú mi. Oṣù kan ààbọ̀ ló lò. Ó ń dáná, ó ń fọ egbò, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ yóò dì mí lápá mú lọ sí adágún kí n ki ẹsẹ̀ bọ omi, torí omi tútù nìkan ló ń pa oró náà. Bí ìyá wa ti ń ṣe é nìyẹn, bí gbogbo wa ti ń ṣe é nìyẹn. A óò jókòó síbẹ̀ máa sọ̀rọ̀ èèyàn, a óò rẹ́rìn-ín títí, yóò sì pọn omi tí a óò mu lọ sílé.

Ó padà sílé ọkọ rẹ̀. Ọdún yípo, sòbìà já ní kókósẹ̀ tirẹ̀ náà. Ìdọ̀tí wọ egbò ọ̀hún. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ẹnu rẹ̀ dì, ẹ̀yìn rẹ̀ le bíi pákó. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, ó kú. Kò tíì bímọ.

Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nígbà náà ni pé sòbìà wà lára kálukú láti inú oyún, bí iṣan ṣe wà, pé ẹni ibi ló máa ń jí i. Mo gba Ìgbó-Ọrà lọ, mo dúró sáàárín ọjà, mo nawọ́ sí ìyá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń ta ata.

"Nínú gbogbo agbo ilé yín, ta ni sòbìà mú rí? Kò sẹ́nì kan! Ọmọ tèmi nìkan! Ìyá Àkíbù, ìwọ lo jí i sí i lára! Àjẹ́!"

Láti ọjọ́ náà, wọn ò ra ata lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àkíbù, ọmọ kan ṣoṣo tó ní, gbà mí gbọ́. Ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó gba Kàdúná lọ, kò bojú wẹ̀yìn.

Ó wá di 1986 tí mo wí. Òṣìṣẹ́ ìlera kan, Wọlé lorúkọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ wá bá wa ní Sátidé. Ó gbé bébà gbàgàdà kan kọ́ sára igi máńgòrò, àwòrán lókè, ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Ó ní ta ló lè kà á.

Búrẹ́mọ̀ ní, "Ìyá Mùínàt ni purofẹ́sọ̀ wa. Ẹ jẹ́ ó yára kà á kó tó gbàgbé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dìde. "Ẹ máa rín in. Tí mo bá kà á tán, màá bi yín ní ìbéèrè."

Mo fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ náà, mo ń kà á bí ẹni ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà.

"Ẹ-ni tí sò-bì-à bá já ní ẹ-sẹ̀ rẹ̀, kò gbọ-dọ̀ ki ẹ-sẹ̀ bọ o-mi tí à ń mu."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ayọ̀ tó wọ̀ mí lára, n kò rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọmọ mi. Mo gbóhùn sókè.

"Ọ-mọ sò-bì-à yóò bọ́ sí-nú o-mi. Ẹ-ni tó bá mu ún, bí ọ-dún bá yí-po, sò-bì-à yóò já lá-ra rẹ̀."

Ìka mi dúró.

"Tíṣà, irọ́ lẹ kọ síbí yìí."

Wọlé ò bínú. Ó bu omi adágún wa sínú ife gíláàsì, ó fún mi ní awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Mo rí àwọn kòkòrò wínníwínní nínú omi náà, wọ́n ń ta pọ́ún-pọ́ún. Ó ní inú wọn ni ọmọ sòbìà máa ń gbé títí tí a ó fi gbé e mì.

"Ẹni tó jẹ́ pé omi ẹ̀rọ ló ń mu ńkọ́?"

"Kò lè mú un, Màmá. Àfi bó bá wá mu omi adágún níbòmíràn."

"Bó bá mu ún fún oṣù kan ààbọ̀ péré?"

"Ife kan tó, Màmá."

Sàlámì ti ṣí fìlà. Ó dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní, "Dákẹ́. Má sọ ọ́."

Nígbà tí a délé, ó ní, "Kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀. O ti dàgbà, jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi mọ̀, Bàbá Mùínàt."

Lọ́jọ́ kejì mo ká bébà náà, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgbó-Ọrà. Ìyá Àkíbù ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbẹ. Kò dìde.

"Kí lo tún wá mú? Mo rò pé o ti kó gbogbo rẹ̀ lọ."

Mo kúnlẹ̀. Mo tẹ́ bébà, mo kà á láti òkè délẹ̀. Mo sọ ti ẹsẹ̀ mi, mo sọ ti adágún, mo sọ iye ọjọ́. Ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Tí o kò bá kọ́ ìwé, àjẹ́ ni wọn ì bá fi sin mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Má fi mà sí i. O ò fi mà sí i lọ́jà."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká bébà náà.

"Dìde, lọ wí i níbi tí o ti wí i."

Mo lọ. Mo dúró láàárín àwọn aláta. "Ẹ̀yin ará ọjà, Ìyá Àkíbù kọ́ ló pa Mùínàt. Èmi tí mo bí i ni mo ki ẹsẹ̀ bọ omi tó mu." Obìnrin kan tó ń ta ilá ní orí mi ti dàrú, kí wọ́n wá ẹni mú mi lọ sílé. Obìnrin yẹn kan náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń pariwo àjẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, kò ní orí mi dàrú.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá náà. Ó bi mí pé, "Ṣé o lè kọ ọ́, àbí kíkà nìkan lo mọ̀?"

"Màá gbìyànjú."

"Kọ ọ́ sí Àkíbù."

Ó wọlé, ó mú ìwé kan jáde, èyí tí Àkíbù máa ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà sí. Bírò ṣì wà láàárín rẹ̀. Mo ń wá ojú ewé tó ṣófo, ojú mi bá bọ́ sórí orúkọ kan tí n kò nílò kí n fi ìka tọ́ kí n tó kà á. Mùínàt. Bùbá. Èjìká, mẹ́rìnlá. Apá, mọ́kànlá. Àkíbù ti fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí lo rí?"

Mo kà á fún un. Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

Mo ya ewé tó kọjú sí i. Ó tó wákàtí kan kí n tó kọ ìlà méjì. *Àkíbù, ìyá rẹ kọ́. Èmi ni. Máa bọ̀ wálé.* Mo ṣẹ́ ẹ po, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà.

"Àdírẹ́sì rẹ̀ dà?"

"Kàdúná."

"Kàdúná tóbi, Ìyá Àkíbù. Àdúgbò wo? Ọ̀dọ̀ ta ni?"

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Kọ Kàdúná."

Mo kọ Kàdúná.