Igi Ọrun Lọ́wọ́ Ọkọ Pandisha

Yóò ṣẹ́ ẹ. Mo ti mọ̀. Tó bá fi igi yẹn sílẹ̀ nínú eérú gbígbóná díẹ̀ sí i, inú rẹ̀ á jóná, yóò sì… Ó yọ ọ́. Ó dára. Èèṣì ni.

Igi ọrun mi ni Ngosha ń tọ́ yìí o. Àna mi ni, ọkọ Pandisha ọmọ mi. Èmi fẹ̀yìn ti igi oṣè, mò ń ṣe bí ẹni tó ń sùn. Ojú kan ni mo dì. Èkejì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ọrun àtijọ́ mi ti kú. Èmi ni mo jókòó lé e. Gbogbo ibùdó dákẹ́ bí ìgbà tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, àfi Abeya ìyàwó mi: "Bàbá Pandisha, ẹ kú ọdẹ. Ẹ ti pa á." Láti ìgbà náà, ẹran tí Ngosha bá ta lọ́fà ni mò ń jẹ. Ẹran náà rọ̀, ó lọ́ràá. Mi ò lè dárí jì í.

Igi kan ṣoṣo tó dáa la rí lórí òkè lọ́dún yìí, ó sì lọ́ bí ejò tó gbàgbé ilé. Tí èyí bá ṣẹ́, ó di ẹ̀yìn òjò ká tó rí òmíràn. Ta ló sì mọ̀ bóyá ní ẹ̀yìn òjò, èmi… Rárá. Igi là ń sọ.

Ó ti tì í bọ pàlàkà igi. Ó ń fara tì í wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bẹ ọmọ kó gbé oògùn mì. Igi ń ké. Èmi ni mò ń làágùn. Ó dúró — ó jẹ́ kí igi sinmi! Ta ló kọ́ ọ nìyẹn? Kì í ṣe èmi. Àsìkò òjò mẹ́ta gbáko, yẹ̀yẹ́ ni mò ń fi í ṣe: "Ngosha, ṣé ọfà rẹ máa ń yà kí àwọn ará ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹran ni?" Ìdáhùn rẹ̀ kò yàtọ̀ rí: "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Á wá máa wò mí. Á máa wo apá òsì mi, èyí tó kán lọ́jọ́ tí oyin lé mi já bọ́ lórí igi oṣè. Apá náà jinná, àmọ́ ọ̀nà tó wù ú ló gbà jinná. Títí di òní, tí mo bá na ọrun, ṣe ló máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó gbé igi sókè, ó di ojú kan, ó wò ó láti ìdí dé orí. Ó tọ́. Háà, ó tọ́… àfi ibi ìdìmú. Ibẹ̀ ṣì lọ́ díẹ̀! Ṣé kò rí i ni? Dá a padà síná, ìwọ ọmọ yìí… Ọ̀rá ló ń fi pa á. Ó ti parí! Mo mọ̀. Mo ti sọ ọ́.

Ó ń bọ̀. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Mo dì í mú. Mo na apá òsì yẹn.

Kò fì. Ó dúró ṣánṣán níwájú mi bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Mo gbé e sọ́wọ́ ọ̀tún. Ó lọ́. Mo dá a padà sọ́wọ́ òsì… ó tọ́.

Òjò mẹ́ta. Apá mi ló ti ń fojú wọ̀n.

Mi ò ní yìn ín. Tí mo bá yìn ín, Abeya á ní ara mi ò yá. Mo kàn la ojú kejì ni, mo wá wo Ngosha dáadáa.