Àkọ̀ Kan fún Ọ̀bẹ Olúdáre àti ti Bùsọ́lá

Ẹni tó bá fẹ́ kí n bínú, kó wá dúró lé mi lórí nígbà tí mo bá ń rán awọ. Olúdáre mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó dúró. Láti Emùré ló ti kó ọ̀bẹ méjì wá sí ìsọ̀ mi ní Ìsẹ̀, ó ní kí n ṣe àkọ̀ kan ṣoṣo tí yóò gba méjèèjì. Ọ̀bẹ gígùn jẹ́ tirẹ̀, òun ló fi ń ká kòkó. Ọ̀bẹ kúkúrú jẹ́ ti Bùsọ́lá ìyàwó rẹ̀, òun nìyẹn fi ń la kòkó. Bùsọ́lá ti fi rọ́bà inú táyà ọ̀kadà wé èkù rẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ a máa làágùn.

"Kí ló dé tí o fẹ́ kó wọn pọ̀?" mo bi í. "Àbí àwọn ọ̀bẹ náà ti ṣègbéyàwó ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Bùsọ́lá ti wà ní ọsibítù láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ ń wú, àwọn dókítà ò sì sọ ohun tó yé òun.

"Alaalẹ́ ló ń bi mí pé ṣé mo rí ọ̀bẹ òun," ó ní. "Tó bá bọ̀ wá ulé, mo fẹ́ kó rí i pé ọ̀bẹ rẹ̀ ń bá tèmi lọ oko. Kó má rò pé a ti pa ààyè òun dé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo gba iṣẹ́ náà, mo sì ṣèlérí pé yóò délé ṣáájú Bùsọ́lá.

Iṣẹ́ àkọ̀ kò le, àmọ́ kò fẹ́ ìwàǹwára. Awọ màlúù ni mo gé. Mo fi awọ kan sí àárín kí ọ̀bẹ kan má baà máa jẹ èkejì lẹ́nu. Mo fi òwú tí mo ti fi ìda pa rán an, mo sì rẹ ẹ́ sómi títí ó fi rọ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, kó sì wà níbẹ̀ títí awọ yóò fi gbẹ lábẹ́ ibòji. Àkọ̀ tó bá gbẹ láìsí ọ̀bẹ nínú a máa kákò, bó bá sì ti kákò tán, ó di kí a jù ú nù.

Ibẹ̀ ni ìjà wa ti bẹ̀rẹ̀. Olúdáre gbà láti fi ọ̀bẹ tirẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ ó ní ti Bùsọ́lá kò ní sùn níta.

"Ṣé mo fẹ́ jẹ ẹ́ ni?" mo pariwo.

"Tó bá bi mí lálẹ́ òní ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò tíì purọ́ fún un kó má mọ̀."

Mo pòṣé, mo fa igi arère kan yọ lábẹ́ àga. Arère rọrùn láti gbẹ́, ó sì fúyẹ́. Mo fi ọ̀bẹ kúkúrú náà lé e lórí, mo fi èédú yí i ká, mo wá gbẹ́ ẹ títí dé ibi tí pípọ́n ti jẹ ojú ọ̀bẹ náà wọlé díẹ̀. Igi yẹn ni mo kì bọ ẹ̀gbẹ́ Bùsọ́lá nínú àkọ̀. Olúdáre mú ọ̀bẹ ìyàwó rẹ̀, ó padà lọ sí ọsibítù.

Awọ náà kò tíì gbẹ tán tí Bùsọ́lá fi kú.

Olúdáre fúnra rẹ̀ ló wá gba àkọ̀. Kò jókòó. Ó gbé e, ó fa ọ̀bẹ onígi yọ, ó wò ó pẹ́.

"Fún mi ní ugi yìí náà," ó ní.

Mo fún un. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, a kì í bi í ní ọ̀pọ̀ ìbéèrè.

Emùré ni a ti sin Bùsọ́lá. Àwọn ènìyàn rẹ̀ wá láti Ìlasà, Akínọlá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣáájú wọn. Nínú ìdílé tiwọn, obìnrin tó fi ọ̀bẹ ṣiṣẹ́ jẹun kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Wọn a fi aṣọ funfun wé ọ̀bẹ rẹ̀, wọn a tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nínú pósí. Pásítọ̀ ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Olúdáre gbé nǹkan wíwé kékeré kan wá, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́ ẹ. Mo wà lẹ́yìn, mo ń sunkún, inú mi sì dùn díẹ̀ pé ó lè yọ̀ǹda ọ̀bẹ náà.

Ó di ìgbà ìkórè kòkó kí n tó tún fojú kàn án. Ó wọlé tòun ti ẹ̀wù oko, àkọ̀ náà wà nídìí rẹ̀. Mo kọ́kọ́ yin ọwọ́ ara mi, torí iṣẹ́ náà gún régé. Ìgbà yẹn ni mo wá rí èkù ọ̀bẹ méjì. Rọ́bà táyà wà lára ọ̀kan.

Mo gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀. "Olúdáre, kí ni mo ń wò yìí?"

Ó jókòó. "Ugi ni mo dì fún un."

Mo fa ọ̀bẹ kúkúrú náà yọ, irin ni.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè jẹ́ kó lọ. Wo rọ́bà yìí. Ojú ọwọ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Mo fi ìka kàn án. Òótọ́ ni, àtàǹpàkò Bùsọ́lá ti tẹ̀ ẹ́ wọnú.

"Mo rò pé kí ni òkú mọ̀," ó ní. "Àmọ́ bí mo bá ti jókòó ti kòkó báyìí, ọkàn mi a sọ pé òun náà ti jókòó síbi uṣẹ́ níbi tó wà. Yóò tú aṣọ yẹn. Yóò mú ọ̀bẹ. Yóò fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò mọ̀ pé èmi ni."

Ẹnu mi mú, gbogbo Ìsẹ̀ ló mọ̀, àmọ́ lọ́jọ́ náà àánú rẹ̀ ṣe mí. Inú sì tún bí mi, sí i àti sí ọwọ́ mi tó gbẹ́ igi náà dáadáa bẹ́ẹ̀.

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?" mo bi í nígbẹ̀yìn. "A ò lè hú sàárè."

Ó tú àkọ̀ náà nídìí, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. "Tún un rán. Fi òwú mìíràn tẹ̀lé ti àkọ́kọ́, kó má tú láéláé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sin mí, kí wọ́n dè é mọ́ mi nídìí. Èmi ni mo máa gbé e lọ bá a. Tósìn ọmọ mi yóò pè é ní ọ̀rọ̀ arúgbó. Ùwọ ni kí o rí i pé kò yọ ọ́."

"Ta ló sọ fún ọ pé èmi ni n óò gbẹ̀yìn? Ṣebí mo jù ọ́ lọ."

"Bí ùwọ bá ṣáájú," ó ní, "sọ fún un pé mo ń mú un bọ̀."

Mo fa òwú, mo fi ìda pa á. Ó dúró lé mi lórí títí mo fi rán an tán, n kò sì bínú.