Yàrá Tí Ìyá Ṣadé Ń Kùn Lójú Àlá

Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi, jókòó kí n rọ́ àlá tí mo lá lóru àná fún ọ. O mọ̀ pé ọdún mẹ́ta ni èmi àti ìyàwó mi fi ń fọwọ́ ara wa tún ilé bàbá mi ṣe díẹ̀díẹ̀, tí a sì ń gbé inú rẹ̀. Yàrá kan ló kù tí a kò tíì rẹ́, níbi tí ìyàwó mi fẹ́ ti máa ránṣọ, kí ó tó kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá.

Nínú àlá náà, mo bá a nínú yàrá yẹn, ó ń fi ọ̀dà kun ògiri. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń kùn ún ni ògiri ń padà di amọ̀ tútù, tí koríko ń hù lára rẹ̀. Mo ní, "Ìyá Ṣadé, a kò tíì rẹ́ ibẹ̀." Ó ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ bá mi di àkàbà mú."

Mo dì í mú. Ó ń gùn ún lọ, àjà ń ga sí i, títí tó fi jẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Lójijì, a ti wà nídìí kànga, ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ ti jẹun?" Mo fẹ́ dá a lóhùn, àṣé simẹ́ǹtì ló kún ẹnu mi.

Ẹkún ni mo fi jí. N kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, má sì bá mi wá a. Láàárọ̀ yìí, mo po simẹ́ǹtì sínú páànù, mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Mo dúró síbẹ̀ títí ó fi gan mọ́ inú páànù. N kò lè wọlé.