Lẹ́tà Ńlá fún Bàbá Sàláhúdéènì

"Martha, ṣé ojú mi ni àbí kọ̀ǹpútà yín?" Bàbá Sàláhúdéènì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún, ó tún gbé e wọ̀. "Àwọn ọ̀rọ̀ yìí ń gun ara wọn lẹ́yìn."

Martha, olùtọ́jú ilé ìkàwé náà, bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Lóòótọ́, ojú ewé jọ́nà, ìwé ìwádìí àwọn oníṣègùn, tí Bàbá ṣí ti dàrú. Ìlà kan gun orí ìlà kejì, àwòrán sá lọ sí igun, àwọn ọ̀rọ̀ sì ń tì ara wọn bí èrò ọjọ́ ọjà tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi.

"Kì í ṣe ojú yín, Bàbá. Ẹ fara balẹ̀, a ó tún un ṣe."

"Kí Ọlọ́run jẹ́ kó rọrùn. Òní náà mà ni wọ́n ní àwọn máa ti ilẹ̀kùn."

Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó ni jọ́nà náà gba ilé ìkàwé tó wà ní àdúgbò Crusher yìí láyè láti ka ìwé wọn fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ wò. Tí ilé ìkàwé bá ti lè tilẹ̀kùn lónìí, ó parí nìyẹn. Inú jọ́nà yẹn ni Bàbá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ti rí ohun tí àwọn oníṣègùn kọ nípa bí a ṣe ń dá ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni ìyàwó rẹ̀, Màmá Kàrímọ́tù, kò ti sọ̀rọ̀ mọ́.

"Apá kìíní nìkan ni mo rí kà lọ́jọ́sí," ni Bàbá wí. "Lẹ́tà wọn kéré, omi ń dà lójú mi. Wọ́n ní ohun tí ẹnu kò lè sọ, orin lè gbé e jáde. Mo délé, mo kọrin fún un títí. Ètè rẹ̀ mì, ohùn ò wá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an, apá kejì tó dàrú yìí ló wà."

Martha gbà á ládùúrà nínú ọkàn rẹ̀ pé, Olúwa, má jẹ́ kí ọkùnrin yìí padà sílé rẹ̀ ní Old Market lọ́wọ́ òfo. Lẹ́yìn náà ló ké sí Obed, ọmọ Kàbà tó ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà.

"Ọ̀kun o, Bàbá!" Obed kí i lédè ilé rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó fa àga. Ó pa búráúsà, ètò tó ń ṣí ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tún un ṣí. Ó kó gbogbo nǹkan àtijọ́ tí búráúsà tọ́jú dànù. Ó pa àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tún un tàn. Ọ̀rọ̀ ṣì ń gun ara wọn. Ó mú Bàbá lọ sídìí kọ̀ǹpútà mìíràn, bákan náà ni.

"Sister Martha, ẹ̀bi àwọn tó ni jọ́nà ni. Ẹ kọ̀wé sí wọn."

"Kí wọ́n tó dáhùn, ilẹ̀kùn á ti tì."

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà nígbà náà."

"Mo ti ń gba tèmi látàárọ̀. Ìwọ fi ọwọ́ gba tìrẹ."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. "Ẹ ti gbìyànjú, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó ń tiraka fúnni, tí kò tíì rí i ṣe, ọpẹ́ tirẹ̀ ṣì tọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

Ibẹ̀ ni Ṣàmsíátù, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ti gbójú sókè nídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. "Anti, ẹ jọ̀ọ́, tí Brother Obed bá ń tún nǹkan ṣe, kó má dá lẹ́tà padà sí kékeré o. Látìgbà tí ẹ ti sọ wọ́n di ńlá, orí kì í fọ́ mi mọ́."

"Lẹ́tà wo?"

"Ti gbogbo kọ̀ǹpútà, Anti. Àwọn kan tiẹ̀ ń kùn pé ojú ewé àwọn ń dàrú."

"Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi?"

Ọmọbìnrin náà wo Bàbá, ó wo ilẹ̀. "A mọ̀ pé nítorí Bàbá ni. Ta ló máa sọ pé ohun tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà ò dáa?"

Martha fọwọ́ bo ẹnu. Lọ́jọ́ tí Bàbá ń nu omi ojú lọ sílé, àánú rẹ̀ ṣe é. Ó wọ inú búráúsà náà, ó sì pàṣẹ fún un pé lẹ́tà kankan kò gbọdọ̀ kéré mọ́. Kọ̀ǹpútà Bàbá nìkan ló rò pé òun ṣe é sí.

"Orúkọ ilé ìkàwé kan náà ni gbogbo kọ̀ǹpútà yìí fi ń wọlé," ni Obed wí. "Ohun tẹ́ ẹ bá kọ́ ọ̀kan, gbogbo ìyókù ti gbọ́. Lẹ́tà nìkan lẹ sì mú dàgbà, ẹ ò mú yàrá wọn dàgbà. Ẹ sọ ènìyàn di òmìrán, ẹ fi í sùn sórí ẹní ọmọ ọwọ́! Ṣé kò ní gun ara ẹ̀?"

"Ó yé mi, ọ̀gbẹ́ni. Gbé ọwọ́ rẹ kúrò."

Martha yọ àṣẹ náà kúrò. Ojú ewé tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ ilé ìwé tó gbọ́ agogo. Bàbá sún mọ́ ọn, ó tún sún mọ́ ọn.

"Ó ti tò, àmọ́ wọ́n ti di èèrà."

"Ẹ dúró, Bàbá." Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ojú ewé náà lápapọ̀ ló mú tóbi, lẹ́tà, àwòrán àti àyè tí wọ́n wà. Wọ́n jọ dàgbà, ẹnikẹ́ni ò tẹ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀.

"Alhamdulilahi!" Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Martha, Ọlọ́run á sọ ọ́ di ńlá, á sì fún ọ ní yàrá tó gbà ọ́."

"Àmín o, Bàbá."

"Anti, èmi náà ńkọ́?" ni Ṣàmsíátù wí. Obed lọ mú tirẹ̀ náà tóbi.

Bàbá kà á, ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kéwú. Nígbà tó ṣe, ó pe Martha. "Wò ó. Wọ́n ní kí n máa fi ọwọ́ òsì aláìsàn lu tábìlì, ìlù kan fún ìró kọ̀ọ̀kan. Kí n kọ́kọ́ kùn ún, kí n tó fi ọ̀rọ̀ sí i. Ohun tó ti mọ̀ láti kékeré sì ni kí n lò. Orin tí mo kọ fún un, orin rédíò ni!"

"Kí ni Màmá mọ̀ láti kékeré?"

Bàbá gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Oríkì rẹ̀. Àràárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń kì í."

Ó fẹ́ dán an wò nígbà tí ojú ewé náà ṣì wà níwájú rẹ̀. Ó pe Nímátù, ọmọ rẹ̀ tó wà nílé, ó ní kó fi fóònù sétí Màmá, kó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, kó máa fi í lu tábìlì. Òun náà fi tirẹ̀ lu tábìlì. Ó kùn ún, ó sì gbé e:

"Àmọ̀pé o, ọmọ Ìlọrin ìlú ńlá,
Ọmọ a-jí-pọnmi-kí-oòrùn-ó-tó-là,
A-rẹ́rìn-ín-kálejò-má-lè-lọ."

Àwọn èèyàn yíjú sí wọn káàkiri ilé ìkàwé. Obed tọ́ka sí àkọlé ara ògiri: Ẹ DÁKẸ́. Martha mi orí fún un pé kó fi sílẹ̀, ó fa àga, ó jókòó ti Bàbá.

Ohùn kan kùn nínú fóònù. Kò tíì di ọ̀rọ̀. Ó tínrín, àmọ́ ibi tí oríkì gòkè, ó gòkè. Ibi tó wálẹ̀, ó wálẹ̀.

"Bàbá!" Nímátù ń sunkún. "Ṣé ẹ gbọ́ ohùn Màmá? Ẹ má dákẹ́ o!"

Bàbá bú sẹ́kún, kò lè gbé e mọ́, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Martha, ọmọ Yàgbà tí kò mọ oríkì Ìlọrin kankan, wo ètè rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì lu tábìlì, ó sì bá a bẹ̀rẹ̀: "Àmọ̀pé o…"